Ẹni Tí Màmá Ń Kí Nínú Kọ̀ǹpútà

Mi ò ní sùúrù. Mo tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ìdìnǹkan ní Ọ̀tà, ohun tí wọ́n sì ń sanwó fún mi láti máa ṣe ni kí n máa sọ pé èyí dára, èyí ò dára, ẹ dá a padà. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti wọ̀ mí lára débi pé bí mo bá wọ ilé ẹnikẹ́ni, ohun tí kò tọ́ ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ bà lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe wọ ilé ìyá mi ní ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún tó kọjá, tí ojú mi bà lé láptọ́ọ̀pù wọn.

Ilo-Awela ni ìyá mi ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kí wọ́n tó kú. Tíṣà ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àsàlátù àwọn obìnrin àdúgbò, àwọn tó máa ń pàdé láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti ṣe àdúrà. Gbogbo àdúrà tí ẹgbẹ́ ń kà, Màmá ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú láptọ́ọ̀pù ní lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà, kí ojú àwọn àgbàlagbà lè gbé e. Àwa méjì péré ni wọ́n bí, èmi tí mò ń gbé ní Ìjù, tí kò jìnnà rárá, àti àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà. Òun ló ra láptọ́ọ̀pù náà fún wọn.

Kí ó tó lọ, ó fi áàpù kan sínú rẹ̀ tó máa jẹ́ kí òun lè jókòó sí ọ̀nà jíjìn kí òun sì máa darí láptọ́ọ̀pù yẹn bí ẹni pé òun wà nínú pálọ̀ wa. Ó ní bí nǹkan bá dojú rú fún Màmá, òun á wọlé láti ọ̀hún, òun á tún un ṣe. Ó sì ń ṣe é lóòótọ́. Màmá á jókòó, wọ́n á gbé ọwọ́ lé itan, ọfà funfun kékeré tí a fi ń tọ́ka sí nǹkan lójú kọ̀ǹpútà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Á ṣí ibí, á ti ọ̀hún. Àbúrò mi nìyẹn.

Ta ló sì máa bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní kí i? Màmá a máa kí ọfà. “O kú iṣẹ́ o, ọkọ mi,” wọ́n á sọ ọ́ sókè bí ẹni pé ọmọ náà wà lórí àkàbà tó ń kun ògiri. Nígbà tí àbúrò mi ṣàlàyé fún wọn pé òun ò lè gbọ́ ohùn wọn láti ibẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ṣí ojú ìwé òfìfo kan, wọ́n á kọ ìkíni wọn síbẹ̀, ọfà á dúró díẹ̀, ìdáhùn á sì máa yọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pé ẹ ṣé, Màmá mi, ṣé ẹ ti jẹun? Nígbà mìíràn wọ́n á wà lẹ́nu ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Màmá sọ fún mi nígbà kan pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀ ju fóònù lọ. Wọ́n ní lórí fóònù, ńṣe ló máa ń kánjú, ṣùgbọ́n tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, àwọn mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ilé.

Ní ọjọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, mo fẹ́ kó àwọn àdúrà náà sórí fíláàṣì kí n lè bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde níbi iṣẹ́. Mo tan láptọ́ọ̀pù. Kí ó tó tàn tán, mo ti fọ gbogbo abọ́ tí mo bá nínú báálì, mo sì ti gbálẹ̀ kíṣìnnì. Nígbà tó wá tàn, ńṣe ni nǹkan ń fò sókè lójú rẹ̀. Ọ̀kan ní fáírọ́ọ̀sì ti kún inú rẹ̀, kí n tètè tẹ ibi báyìí. Òmíràn ní òun lè mú un yára. Ọ̀kan ń sọ bí òtútù ṣe rí ní ìlú kan tí mi ò gbọ́ rí. Mo ka mẹ́ta tó ní iṣẹ́ òun ni láti máa tún kọ̀ǹpútà ṣe, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń dínà mọ́ ara wọn.

Mo bi Màmá pé ta ló kó gbogbo ìdọ̀tí yìí síbẹ̀. Wọ́n ní àbúrò mi ni. Ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, àfi ìgbà tí mo béèrè síwájú sí i ni ó tó yé mi. Lójú ìyá mi, ohunkóhun tó bá ti yọ lójú kọ̀ǹpútà yẹn tí kì í ṣe àwọn ló fà á, ọmọ àwọn ló dé tó ń ṣiṣẹ́. Àpótí kékeré kan á yọ, á béèrè bóyá kí òun wọlé. Màmá á tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí pé ṣé ọmọ ẹni á wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ń tọrọ àyè kó wọlé, ká wá sọ fún un pé rárá?

Wọ́n tiẹ̀ ní nígbà tí ó pọ̀ jù, àwọn gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sáńgo, ó sì yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lójú àwọn báyìí. Mo wo ohun tí ó ṣe. Àwòrán kéékèèké tó wà lójú láptọ́ọ̀pù nìkan ló pa rẹ́. Ìyẹn dà bí kí èèyàn yọ pátákó orí ṣọ́ọ̀bù, kó wá sọ pé òun ti lé ọlọ́jà lọ, nígbà tí ọlọ́jà ṣì jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù tó ń tajà. Inú bí mi, mo sì ń kùn. Màmá ní kí n má bínú, wọ́n lọ gbé ẹ̀wà kaná.

Bí mo ṣe ń wá fáìlì àdúrà kiri ni mo ṣí ojú ìwé kan tí kò ní orúkọ. Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo kọ́kọ́ rí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí:

“O kú iṣẹ́ o, ọkọ mi. O mà ti pẹ́ o. Orúnkún mi ti ń san díẹ̀díẹ̀. Òróró tí wọ́n fún mi ni mo fi ń pa á. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé mo ṣubú, torí ó máa pariwo.”

Àlàfo gígùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn: “Ok ma.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ ìṣubú ló kọ́kọ́ dé bá mi, ó sì dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbé mi láti ilé mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá mi ṣubú, wọ́n fi òróró pa orúnkún wọn fúnra wọn, wọ́n sì rò ó pé kàkà kí n gbọ́, ó sàn kí ọmọ tó wà ní Kánádà gbọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń tú omi sínú ìkòkò ní kíṣìnnì. Ìgbà yẹn ni mo tún wo ìdáhùn náà. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti ń sọ̀rọ̀, kò pe ìyá wa ní “ma” rí. Ẹni tó bá ń pe ìyá báyìí, kò mọ̀ wọ́n.

Mo mú fóònù, mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá kànga, mo pe àbúrò mi. Mo bi í pé nígbà wo ló wọ láptọ́ọ̀pù Màmá kẹ́yìn. Ó ní ó ti lé ní ọdún kan, pé iṣẹ́ méjì lòun ń ṣe pọ̀, pé òun ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà tòun, ká má purọ́, òun ti gbàgbé pé nǹkan yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó ní pásíwọ́ọ̀dù tí òun fi síbẹ̀ nígbà náà rọrùn jù, ọmọdé pàápàá lè mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n yọ gbogbo rẹ̀, kí n má ṣẹ́ ohunkóhun kù. Mo ní kó má bínú, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí i. Ẹni tó wọlé yẹn kò rí nǹkan gbé, nítorí àdúrà àti orúkọ àwọn àgbàlagbà ló kún inú láptọ́ọ̀pù náà. Kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi ni mo máa sọ fún Màmá. Ìdùnnú wọn ni ọfà yẹn. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń tan láptọ́ọ̀pù láàárọ̀, tí wọ́n á ṣí i sílẹ̀ títí iná á fi lọ, torí pé ọmọ wọn lè dé nígbàkigbà.

Mo wọlé, mo pa íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni má baà tún wọlé, mo sì sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Mi ò bo àṣìṣe àbúrò mi mọ́lẹ̀, mi ò sì fi ẹnu bà á jẹ́. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún un, pé ó ti lé ní ọdún kan tó ti wọlé kẹ́yìn, pé ẹni tó wọlé lọ́jọ́ yẹn, a ò mọ̀ ọ́n, olè ni.

Màmá wo láptọ́ọ̀pù, wọ́n tún wò mí.

“Ta wá ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ orúnkún mi fún?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní àwọn tiẹ̀ ṣàdúrà fún olè náà lọ́jọ́ yẹn, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín náà lọ, wọ́n fi etí ìborùn nu ojú, ìgbà tí wọ́n gbé e kúrò, mo rí i pé ẹkún ni.

Mo jókòó sídìí iṣẹ́. Wọ́n fa àga kan wá, wọ́n bi mí bóyá kò lè ṣeé ṣe kí n yọ gbogbo ìyókù, kí n wá fi èyí tí àbúrò mi fi síbẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu mi ti là tán láti sọ pé Màmá, kí lẹ̀ ń wí? Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí wọ́n kọ, pé mo máa pariwo. Mo gbé ohùn mi wálẹ̀. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni olè gbà wọlé, bí a bá fi í sílẹ̀, ó máa tún padà wá.

“Yọ ọ́,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n rọra yọ ọ́.”

Mo rọra yọ ọ́. Mo kọ́kọ́ dá áàpù náà dúró, torí pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kì í gbà kí wọ́n yọ òun. Mo lọ síbi tí orúkọ gbogbo áàpù tò sí, mo yọ ọ́ níbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń bẹ̀ mí bí mo ṣe ń yọ wọ́n. Wọ́n ń béèrè pé ṣé ó dá mi lójú, ṣé kò sàn kí n fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Màmá ka ọ̀kan sókè, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ dùn o. Èyí tó kẹ́yìn ní àfi kí n pa láptọ́ọ̀pù kí n tún un tàn kí òun tó lè lọ pátápátá. Mo pa á. Bí mo ṣe ní kí n tún un tàn báyìí, iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù yẹn ti kú láti ìgbà pípẹ́, tí kò bá sí iná, kò sí nǹkan tí èèyàn lè fi í ṣe.

Lọ́jọ́ mìíràn, ńṣe ni ǹ bá gbé àpò mi, kí n ní n óò padà wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti dé ìdajì, ẹ̀wà ò sì tíì jinná. A gbé àga jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a jókòó. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìyá mi kẹ́yìn tí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ kan. Mo ní kí wọ́n fi orúnkún hàn mí. Wọ́n ká aṣọ sókè. Ó ṣì wú díẹ̀ lápá kan, awọ rẹ̀ sì ń dán nítorí òróró.

Láì jẹ́ pé mo tún béèrè, wọ́n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà, ẹsẹ̀ yọ̀ wọ́n nínú balùwẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọn ò fẹ́ pe ẹnikẹ́ni, wọ́n ń gbọ́ tí ládánì ń pe ìrun lọ. Nígbà tí wọ́n lè dìde, wọ́n jókòó sórí àga láti kírun. Wọ́n ní ohun tó bí àwọn nínú jù ni pé omi àlùwàlá náà dànù. Mo fẹ́ bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ ò pè mí. Ìdáhùn ti wà lójú láptọ́ọ̀pù, nítorí náà mi ò béèrè. Òróró wà lórí fèrèsé. Mo mú un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa orúnkún wọn, wọ́n sì jẹ́ kí n ṣe é. Ojú tì mí gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Iná dé lẹ́yìn tí a jẹun tán. Mo padà sídìí rẹ̀. Bí àwọn áàpù yẹn tilẹ̀ ti kúrò nínú àkójọ, wọ́n ṣì fi ẹrù sílẹ̀ kiri. Mo wọ àwọn fódà tó fara pamọ́, mo pa èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ rẹ́. Mo wọ áàpù tí a fi ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, mo bá méjì níbẹ̀, mo yọ wọ́n. Mo wo ohun tó máa ń dìde pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù bí wọ́n bá tàn án, mo bá ọ̀kan tó fẹ́ máa gba ibẹ̀ padà wọlé, mo yọ òun náà. Lẹ́yìn náà ni mo tan íńtánẹ́ẹ̀tì, mo yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò fún fáírọ́ọ̀sì, mo sì pààrọ̀ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo tún un tàn, kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tàn. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ọfà dúró jẹ́ẹ́ láàárín.

Màmá ń wo ọfà náà. Wọ́n bi mí bóyá ó ti tán. Mo fi ìgbéraga dáhùn pé ó ti tán pátápátá, kò sí ohun tó lè tún wọlé. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sìn mí dé ojú títì, wọ́n sì rọra ń rìn nítorí ẹsẹ̀ wọn. Nínú kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń rò ó pé bí mo ṣe ní ó ti tán yẹn, inú wọn ò dùn.

Àbúrò mi pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì súre fún un. Ó ní òun á máa pè lọ́jọọjọ́ Jímọ̀. Ó pè ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nígbà náà, kò sì pẹ́ tó fi gé e. Màmá ní ó gbìyànjú.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n pè mí níbi iṣẹ́. Wọ́n ní láptọ́ọ̀pù ti tún bẹ̀rẹ̀. Kò wù mí láti gbọ́ ọ, torí mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo ń ro gbogbo ibi tí mo lè ti fo nǹkan kan, mo sì bọ́ sọ́nà Ilo-Awela láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Bí mo ṣe dé, mi ò tiẹ̀ jókòó dáadáa tí mo fi tàn án. Ó tàn lójú ẹsẹ̀. Mo wo àkójọ áàpù, kò sí nǹkan kan. Mo wo àwọn fódà tó fara pamọ́, òfìfo ni wọ́n. Mo yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò fún fáírọ́ọ̀sì, ó mọ́ tónítóní.

Mo bi Màmá pé kí ló ń ṣe. Wọ́n ní ó kàn ń ṣe bákan. Mo ní bákan báwo. Wọn ò lè sọ ọ́. Wọ́n ń ká etí ìborùn wọn, wọ́n ń tú u, wọn ò wojú mi. Òórùn dòdò ń bọ̀ láti kíṣìnnì, abọ́ méjì sì ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti da aṣọ bò wọ́n. Kò tíì tó aago mẹ́wàá, kò sì pẹ́ tí wọ́n ti àsàlátù dé.

Nígbà náà ló yé mi pé kì í ṣe nítorí láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ṣe pè mí. Mo yíjú padà sí láptọ́ọ̀pù kí wọ́n má baà rí ojú mi. Mo tún ṣí àkójọ náà, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń dúró lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fura.

“Màmá,” mo ní, “ó ṣì kù o. Irú èyí kì í tán lẹ́ẹ̀kan. N óò máa wá lọ́jọọjọ́ Àìkú fún ìgbà díẹ̀ ná.”

“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ tèmi, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ àkójọ náà láti òkè.